Bí Àdúrà Ṣe Jẹ́ Kí N Gbé Páàdì Bíréèkì Sódì

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù Bàbá mi máa dé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ti wà níwájú ilé wa ní Mushin, mo gbé páàdì bíréèkì tuntun dání nínú ọ̀rá dúdú, inú sì ń bí mi. Kì í kúkú ṣe pé ọkùnrin yẹn fẹ́ máa wa ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ tú u ni. Ó fẹ́ ta ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, kó ta ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, kó ta gíláàsì lọ́tọ̀, bí ẹní ń kun ẹran Iléyá. Èmi sì fẹ́ ọkọ̀ yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé mò ń lálàá rẹ̀.

Káfíńtà ni Bàbá mi. Kò sí irú àga, bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tí píkọ́ọ̀pù náà kò tíì gbé rí láti Mushin lọ sí Àgùdà, lọ sí Yábàá, lọ sí ibi gbogbo tí èèyàn ti ń jókòó tàbí tí wọ́n ti ń sùn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí orúnkún ọ̀tún wọn ti ń ṣe ségesège, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì. Wọ́n ní kí àwọn má baà lọ pa ọmọ ọlọ́mọ, àwọn máa ta ọkọ̀. Èmi ní tèmi, òdòdó inú ìkòkò ni mò ń tà lẹ́bàá títì ní Surulere. Ojoojúmọ́ ni mò ń háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti fi kó òdòdó lọ fún oníbàárà, ojoojúmọ́ náà ni awakọ̀ kan máa ń sáré kọjá nínú kòtò títí ìkòkò mi á fi fọ́. Mo ní kí Bàbá mi jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi ní píkọ́ọ̀pù yìí.

"Ọkọ̀ kì í ṣe òdòdó tí èèyàn kàn ń bomi rin," ni wọ́n wí. "Ta ló máa bá ẹ tọ́jú ẹ̀?"

"Èmi ni, Bàámi."

"Ìwọ wo?"

"Ìwọ wo" yẹn ló bà á jẹ́. Tí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ ó mọ̀ pé ó máa ń yá mi lára láti bínú ju kí n jẹun lọ. Lásìkò yẹn, bíréèkì ọkọ̀ náà ti ń ké. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní Ìdí-Òrò, àwọn ará Ọjúwóyè á bojú wẹ̀yìn. Páàdì rẹ̀ ló ti jẹ tán. Mo ní èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, ni màá pààrọ̀ páàdì náà, mi ò ní pe mẹkáníìkì kankan. Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n tún wo èékánná mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní pupa.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Kí ọkùnrin yẹn tó dé lọ́jọ́ Àìkú, kó o ti ṣe é tán. Tí ọkọ̀ bá dúró níbi tí mo bá ní kó dúró, máa gbé e lọ, tìẹ ni. Tí kò bá dúró, ti ẹni tó fẹ́ tú u nìyẹn. Mi ò sì ní fẹ́ gbọ́ ẹkún o."

Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù mi, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Òyìnbó kan ló ń ṣe é nínú gáréèjì tó mọ́ ju yàrá tí mò ń sùn lọ. Ogún ìṣẹ́jú péré ló fi ṣe ẹsẹ̀ kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnikẹ́ni ò kí ọkùnrin náà. Kò sí "ẹ kú iṣẹ́", kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́ o", kò sí ẹni tó yọjú wá bi í pé kí ló ń ṣe. Mo káàánú rẹ̀. Mo ní bóyá èèyàn burúkú ni.

Bí wọ́n ṣe páàkì ọkọ̀ náà, apá ọ̀tún rẹ̀ kọjú sí ilé wa, apá òsì sì kọjú sí ojú ọ̀nà. Apá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì kó má baà yí. Mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, torí tí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, á kàn máa bá èèyàn yí ni. Nọ́ọ̀tì kan ò gbọ́. Mo fà á, mo bú u, mo gun orí sípánà, mo sì ń fò lé e lórí bí ọmọdé.

Bàbá mi jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, àwọn ò sì ní sọ bí mo ṣe máa ṣe é, ṣùgbọ́n wọn ò búra pé àwọn ò ní wúkọ́. Bí mo bá ti fẹ́ ṣe nǹkan tí kò dáa, wọ́n á wúkọ́. Nígbà tí mo tú kálípà, ìyẹn irin ńlá tó máa ń fún páàdì mọ́ dísíìkì, àwo irin tó ń bá táyà yí, mo fẹ́ jẹ́ kó máa rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì wá. Wọ́n wúkọ́ wọ́n wúkọ́, àfìgbà tí mo wá okùn tí mo fi so ó sókè. Àyà àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ mi lọ láàárọ̀ yẹn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti písítìnì. Páàdì tuntun nípọn ju èyí tó ti jẹ lọ, nítorí náà èèyàn gbọ́dọ̀ ti písítìnì inú kálípà, irin tó máa ń ti páàdì, padà sínú kí àyè tó lè gbà á. Òyìnbó inú fídíò ní irin àkànṣe kan tó fi ń ṣe é. Èmi ò ní in. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi lọ, mo mú kíláǹpù tí wọ́n fi ń de pákó tí wọ́n bá fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, mo fi tì í, ó sì wọlé jẹ́jẹ́. Mo gbójú sókè wo fàráńdà. Bàbá mi ò wúkọ́. Wọ́n kàn ń wo kíláǹpù wọn. Kò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ tí mo fi parí apá ọ̀tún, mo sì ń kọrin.

Apá òsì ni ogun wà. Bàbá mi ò lè rí mi níbẹ̀ láti fàráńdà, nítorí náà ikọ́ ti tán nìyẹn. Àti pé àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣe àsàlátù ní mọ́sáláṣí tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Ẹ mọ bí àwọn tó ń bọ̀ láti àsàlátù ṣe máa ń rí. Wọ́n ti fi wákàtí méjì gbáko ṣàdúrà, ó sì máa ń ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí lọ́nà ni wọ́n máa ń da ìyókù lé lórí. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kúnlẹ̀ kí ẹnì kankan. Mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bá dísíìkì dọ́gba ni. Ṣùgbọ́n ta ni màá ṣàlàyé ìyẹn fún? Bàbá arúgbó kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n rí ọmọ obìnrin lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n dúró, omi lé ròrò sójú wọn.

"Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n kọ́!" ni wọ́n wí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. "Láyé ìsinsìnyí tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ń kí èèyàn! Ó kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀! Ọmọ mi, ìwọ náà á bí ọmọ tó máa kúnlẹ̀ kí ẹ."

"Àmín, Bàbá," ni mo wí. Páàdì tuntun méjì wà lọ́wọ́ mi, ó ku kí n gbé e wọlé.

"O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

"Àmín."

"Iṣẹ́ ò ní wọ́n ẹ. Ọwọ́ ẹ ò ní dilẹ̀."

Iṣẹ́ wà níwájú mi, àwọn gan-an ni wọn ò jẹ́ kí n ṣe é. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá àgbàlagbà jà nítorí àdúrà. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n wojú mi kí èmi náà tẹ́ tèmi. A kì í sì í tẹ́wọ́ àdúrà pẹ̀lú irin. Mo gbé páàdì méjèèjì sílẹ̀ lórí ọ̀rá, mo tẹ́ ọwọ́ mi tó dúdú bí ìdí ìkòkò, mo ń ṣe àmín. Nígbà tí àdúrà parí, a fi ọwọ́ pa ojú bí a ṣe máa ń ṣe é. Èmi náà fi tèmi pa ojú, láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n. Mi ò rántí gírísì. Bàbá arúgbó wò mí, wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo mú páàdì. Àlàájà kan dé. Àlàájà yìí mọ̀ mí láti kékeré, wọ́n sì mọ̀ pé mi ò tíì lọ́kọ. Wọ́n ní ọkọ tó máa wá ò ní jẹ́ ọ̀lẹ, kò ní jẹ́ ọ̀mùtí, ìyá rẹ̀ ò sì ní yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní ó máa ní mọ́tò tirẹ̀.

"Kó má jẹ́ pé ìwọ láá máa tún mọ́tò náà ṣe fún un o!"

"Àmín, Mà."

Mo gbé páàdì sílẹ̀, mo tẹ́wọ́, mo fi pa ojú. Lẹ́yìn Àlàájà, àwọn mẹ́rin dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì pín àdúrà náà ṣe. Ọ̀kan mú ìlera, ọ̀kan mú ọjà, ọ̀kan mú ọmọ, ẹnì kẹrin ní kí ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe yìí má pa mí. Àmín ti ẹnì kẹrin ni mo ṣe tọkàntọkàn jù. Mo gbé páàdì, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tún gbé e, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ojú ọ̀nà fi máa dá, orí mi ti kún fún oore débi pé kò sáyè fún iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ojú méjì ni páàdì ní. Ojú kan jẹ́ irin lásán, ojú kejì ló máa ń gbá dísíìkì mú kí ọkọ̀ lè dúró. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá wò ó máa mọ èyí tó yẹ kó kọjú sí dísíìkì. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi àdúrà há ọmọ ọdún márùn-ún náà mọ́ ògiri. Mo gbé páàdì wọlé, mo dá kálípà padà, mo dá táyà padà, mo sọ jáàkì kalẹ̀, mo fún nọ́ọ̀tì gbogbo le. Mo wọ inú ọkọ̀, mo tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kí písítìnì lè padà wá bá páàdì. Aago kan ò tíì lù. Mo ní mo ti gba ọkọ̀ nìyẹn. Mo tiẹ̀ ti ń ro ibi tí màá to ìkòkò sí.

Mo wà á síwájú bí ìwọ̀n ilé mẹ́ta, mo tẹ bíréèkì.

Ariwo tó jáde níbẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò tó jóná, tí ìkòkò náà wá tóbi tó ilé. Ajá gbó. Obìnrin kan yọ orí lójú fèrèsé pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn padà síwájú ilé wa, mò ń sọ fún ara mi pé páàdì tuntun ni, ó máa mọ́ ọn lára. Bàbá mi ti jáde láti fàráńdà. Wọn ò wo táyà kankan. Etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

"Òsì," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wò ó, ejìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

"Ṣé ojú lo fi pààrọ̀ ẹ̀ ni?"

Mo wo dígí ọkọ̀. Ẹyinjú àti eyín nìkan ló kù lára mi tó funfun. Gbogbo èèyàn tó ṣàdúrà fún mi láti àárọ̀, tí wọ́n ní kí ayé má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní, "Sísítà, ojú ẹ o." Inú bí mi, ojú tì mí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sì bú sẹ́kún tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ ọkọ̀ yẹn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ tú.

"Bàámi, wọn ò jẹ́ kí n ráyè ni. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi!"

"Àdúrà?" Bàbá mi wo ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ìrun Àìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, gbogbo àwọn èèyàn yẹn máa tó tún kọjá padà. Wọ́n wo páàdì. Mo rò pé wọ́n máa ní ó ti tán, kí n máa wọlé lọ.

"Tú u," ni wọ́n wí.

Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, torí ìbúra ni ìbúra. Ṣùgbọ́n wọ́n fa àga kan jáde láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e sẹ́yìn mi gan-an, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n kọjú sọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá mi jẹ́ fún yín. Wọ́n lè yarí pé àwọn ò ní jẹun lálẹ́ nítorí pé ọmọ kan ò kí aládùúgbò láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ pé bí iná bá tiẹ̀ ń jó èèyàn, kó kọ́kọ́ kí àgbà kó tó ké ìrora.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn o!" Ohùn bàbá arúgbó àárọ̀ ni.

"Ẹ má kí i," ni Bàbá mi wí. "Èmi ni kẹ́ ẹ kí. Ó ń ṣiṣẹ́."

Ọwọ́ mi dúró lórí sípánà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Àlàájà.

"Há à! Ṣé àdúrà ti di nǹkan tí wọ́n ń lé padà ni?"

"A ò lé e, Àlàájà. Ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀ dìrọ̀lẹ́. Tó bá dìrọ̀lẹ́, èmi fúnra mi máa kúnlẹ̀ gbà á."

"Pẹ̀lú orúnkún yín yẹn?"

"Ẹ yáa fi ti orúnkún náà kún un."

Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń tú nọ́ọ̀tì. Nígbà tí mo ṣí kálípà, mo rí i: irin kọjú sí irin, ó sì ti ha dísíìkì díẹ̀. Mo fi sáńpépà ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi ha á títí ó fi dán. Mo gbé páàdì bó ṣe yẹ. Mo fi ìka tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń sọ ọ́ sókè bí ọmọ ilé kéwú tó ń ka wàláà: irin síta, páàdì sínú. Lẹ́yìn mi, Bàbá mi ń gba ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó, wọ́n ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn fún mi.

Bí mo ṣe ń sọ jáàkì kalẹ̀ ni wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Bàbá mi kírun nínú ilé nítorí orúnkún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ọkùnrin tó fẹ́ tú ọkọ̀ dé. Kò tíì kí wa tán tó ti ń fi ìka kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n, bí ẹní ń yan ìbẹ́pẹ lọ́jà.

"Ẹ ní sùúrù," ni Bàbá mi wí fún un.

Wọ́n gbé àga tí wọ́n ti jókòó lé láti ọ̀sán, wọ́n ń tiro lọ títí dé ìwọ̀n ilé márùn-ún, wọ́n gbé e sáàárín ọ̀nà. "Ibí!" ni wọ́n kígbe sí mi. "Kó dúró kó tó dé ibí!" Mo ti wà lórí ìjókòó awakọ̀. Mo mi orí pé mo ti gbọ́. Àfi bí Bàbá mi ṣe jókòó sórí àga náà.

"Bàámi, ẹ dìde!"

"Ó ti rẹ̀ mí!"

"Ẹ dìde kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́!"

"Orúnkún ń dùn mí. Máa bọ̀!"

Àlàájà, tó ń ti ìrun bọ̀, ká ọwọ́ lérí. Ọkùnrin tó wá ra ọkọ̀ ní, "Bàbá, mọ́tò ni mo wá rà o, mi ò wá sin òkú!" Bàbá mi ká apá mọ́ àyà, wọ́n ń wò mí.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe bà mí rí lọ. Mo kọ́kọ́ sún díẹ̀, mo tẹ bíréèkì, ó mú. Mo tún sún, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó mú. Nígbà náà ni mo wá tẹná, díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí mo mọ̀ pé tí mo bá rìn bí ìgbín, wọ́n máa ní kí n padà lọ tún un ṣe. Ojú Bàbá mi ń tóbi sí i nínú gíláàsì. Wọn ò mira. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà dúró, kò sọ̀rọ̀, kò ké, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Bàbá mi na ọwọ́ láti orí àga, ìka wọn kan bọ́ńpà.

Wọ́n dìde, wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Ọlọ́kọ̀ ti dé." Ọkùnrin náà wo ọkọ̀, ó wo Bàbá mi, ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí i látọjọ́ tí mo ti dáyé, wọ́n sì ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n tó rí i pé èèyàn wà níbẹ̀. Mo yára fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Jókòó," ni wọ́n wí.

Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn náà, wọ́n gba iwájú ọkọ̀ kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ó tún pẹ́ kí wọ́n tó rí bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, torí wọn ò wọlé láti ibẹ̀ rí. Wọ́n gun òkè, wọ́n jókòó, wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá gbé ọwọ́ sí.

"Ibo lo ti ń ta òdòdó yẹn gan-an?" ni wọ́n bi mí. "Mi ò tíì débẹ̀ rí. Gbé mi lọ."

Mo gbé wọn lọ. Láti Mushin títí dé Surulere, gbogbo ibi tí mo ti tẹ bíréèkì ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá mi náà ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀.